Bí Golandam Ṣe Pe Àbúrò Rẹ̀ Wálé

Àpótí náà kọ̀, kò pa dé. Golandam fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó jókòó lé e, kò gbọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú u bí ẹni pé àpótí náà ní ìyá tí kò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹrù inú rẹ̀ kì í ṣe ẹrù obìnrin kan ṣoṣo. Pisitáṣíò wà níbẹ̀, èso gbígbẹ wà níbẹ̀, aṣọ àwọn ọmọ-ọmọ, bàtà fún ìyàwó Khodadad ọmọ rẹ̀, àti ìbòrí fún gbogbo obìnrin àdúgbò tó rí i lọ́jọ́ tó ń jáde nílé. Ẹni tó bá ti Tehran padà dé Bushehr lọ́wọ́ òfo, kó yáa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

"Nosrat! Wá bá mi jókòó lé nǹkan yìí. Ìdí ẹnì kan ò ká a!"

Láti ilé ìdáná ni àbúrò rẹ̀ ti dáhùn. "Mò ń fọ abọ́."

Ó ń fọ abọ́ lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ni kò dára. Àwo ń gbá àwo, ṣíbí ń fò. Golandam ti mọ Nosrat láti kékeré, nígbà tí wọ́n jọ máa ń ṣa ìkarahun létí òkun. Tínú rẹ̀ bá dùn, kì í dákẹ́. Tínú bá ń bí i, abọ́ ló máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tí abọ́ ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí.

Golandam wí fún ara rẹ̀ pé, "Mo ti sú u. Kò burú. Lónìí náà ni mò ń lọ." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe pisitáṣíò ló gbé Golandam wá sí Tehran. Ọmọ etí òkun ni. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ onígi kan tó ń ná Dubai àti Kuwait. Bí ọkọ bá ti ta ìgbòkun, Golandam a máa ránṣọ, a máa yan búrẹ́dì, a sì máa rẹ ẹja sínú omi kíkan nínú ìgò, èyí tí àwọn èèyàn ń ti òpin ìlú wá rà. Ó tọ́ ọmọ mẹ́rin dàgbà pẹ̀lú ohùn kan tí àwọn atukọ̀ sọ pé àwọn máa ń gbọ́ káwọn tó rí ilẹ̀. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ ti kó lọ sílé tiwọn, ohùn náà ṣì wà níbẹ̀. Nosrat ní tirẹ̀ fẹ́ olùkọ́ kan ará Tehran, ó tẹ̀ lé e lọ, Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ. Ọdún tó kọjá ni olùkọ́ náà kú. Láti ìgbà náà ni Golandam ti kun yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ́dà, tó ra ẹ̀rọ amúlétutù sí i, tó sì gbé ibùsùn tuntun síbẹ̀. Àwọn ọmọ bi í pé ta ló ni yàrá. Ó ní kí wọ́n gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Nosrat ló ni ín. Mímú Nosrat wálé ló bá wá, kò sì sí nǹkan mìíràn.

Ó sì ti pè é. Gbogbo wa la mọ̀ pé nílẹ̀ Iran, kò sí ọmọlúàbí tó ń gba nǹkan nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Taarofu là ń pe àṣà náà. Ẹni tó ń fúnni á fi lọni, a ó kọ̀. Á tún fi lọ̀ wá, a ó tún kọ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, nígbà yẹn lojú ọ̀rọ̀ máa ń là. Golandam ṣe é bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe é. Ó pe Nosrat lọ́jọ́ tó dé, bí wọ́n ṣe ń mu tíì. Ó tún pè é lórí òkè Darband, níbi tí odò ti ń ṣàn gba abẹ́ tábìlì wọn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta ní ìlú Rey, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìbẹ̀wò sí ibojì mímọ́, tí ọ̀rá ẹran sísun ṣì wà ní ìka wọn. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pè é, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó mọ́: "Yàrá wà nílé o, àbúrò mi, bó bá wù ọ́." Èsì kan náà ni Nosrat ń fún un ní gbogbo ìgbà: "Kí òjìji yín má kúrò lórí wa, ẹ̀gbọ́n mi. N ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu."

Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó parí. Golandam pa ẹnu dé. Ó gbà pé èéfín Tehran dùn mọ́ àbúrò òun ju òun lọ. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni àwọn abọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ.

Nígbà tí àpótí náà gbà láti pa dé, tí wọ́n tún fi okùn dì í láyà, àwọn méjèèjì jáde lọ ra búrẹ́dì ìkẹyìn. Ojú ọjọ́ mọ́ gaara lówùúrọ̀ náà. Yìnyín funfun wà lórí òkè, oòrùn sì ń tàn sí i. Inú Golandam dùn láìfi ti ìbànújẹ́ rẹ̀ pè, torí kò lágbára láti banú jẹ́ fún gbogbo ọjọ́. Níwájú ilé búrẹ́dì, ó bá àwọn tó tò sórí ìlà ṣàwàdà. Ó bi ẹni tó ń yan búrẹ́dì lórí òkúta gbígbóná bóyá ìyàwó ẹ̀ ló ń fi òkúta yẹn lù ú nílé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jẹ́ kí búrẹ́dì kan jóná. Golandam yí ojú sí Nosrat kí wọ́n lè jọ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Nosrat wí. "Ọkọ̀ òfuurufú kì í dúró deni."

Ọ̀sán ni Ìyáàfin Puran, aládùúgbò tó ń gbé ilé òdìkejì, wọlé. Ó gbé abọ́ omi tó fi ewé kan sí lójú lọ́wọ́, èyí tí yóò dà sí ẹ̀yìn arìnrìn-àjò kó lè padà wá láyọ̀.

"Ẹ ń lọ nìyẹn? Ilé yìí á ṣófo o."

"Èmi nìkan kọ́, èmi pẹ̀lú yín la jọ ń lọ!" Golandam dì í mú lápá aṣọ. "Ẹ wọ bàtà yín!"

"Háà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ọwọ́ yín kò ní ro yín."

"Mo fi orí Khodadad ọmọ mi búra, bí ẹ ò bá wá jẹ edé mi ní Bushehr, n ò ní dárí jì yín láyé, n ò ní dárí jì yín lọ́run. Aṣọ yín dà? Màá yá yín ní tèmi!" Ó ti ń wọ́ ọ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyáàfin Puran di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi abọ́ ń dà sí i lẹ́sẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ò tíì jẹun!"

"Ẹ gbé e dání! A ó dì í mọ́ àpótí!"

Kò sẹ́ni tó gbà pé Ìyáàfin Puran ń lọ síbì kan, òun fúnra rẹ̀ pàápàá kò gbà bẹ́ẹ̀. Báyìí làwọn èèyàn ṣe ń pínyà níbẹ̀. Bí Golandam bá lọ jẹ́ẹ́, ẹ̀dùn ọkàn gidi ni ìyẹn ìbá jẹ́ fún obìnrin náà. Àmọ́ nígbà tí Golandam yíjú padà, ó rí Nosrat tó gbé Kùránì sókè lẹ́nu ọ̀nà kí arìnrìn-àjò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ojú rẹ̀ le koko. Golandam gba abẹ́ Kùránì kọjá, ó fẹnu kò ó. Ìyáàfin Puran da omi tó kù sẹ́yìn takisí. Ọkọ̀ gbéra.

Nínú takisí, Nosrat tó ń sìn ín lọ ń wo ìta. Golandam bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àtọ̀gbẹ ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi dé pápákọ̀ òfuurufú Mehrabad. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, awakọ̀ náà gbé ọwọ́ lé àyà: "Kò tó nǹkan, ìyá mi. Ẹ máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́." Golandam ní kò ṣeé ṣe. Awakọ̀ ní ọmọ ọ̀dọ̀ yín ni mí. Golandam ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ wá dárúkọ iye tó fẹ́ gbà, ó sì ju iye tí wọn ìbá san bí ó bá gbé wọn dé Bushehr gan-an.

Ìlà àwọn tó ń lọ sí Bushehr kò ṣòroó dá mọ̀. Ohùn wọn ló kọ́kọ́ dé etí Golandam, gbígbòòrò, pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ìgbà tí gbogbo wọn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti orí ọkọ̀ ojú omi kan sí òmíràn. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó ń dùn ún, àfi ìgbà tí Nosrat fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tútù kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ máa lọ ire, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ."

Omi bọ́ lójú Golandam. "Nosrat, kí ni mo ṣe fún ọ? Bí mo bá pẹ́ jù nílé rẹ, ṣebí ó yẹ kó o sọ fún mi."

"Ta ló ní ẹ pẹ́ jù?"

"Abọ́ rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀!"

Nosrat gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ láti apá kan sí apá kejì. Ọ̀rọ̀ tú dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ di Puran mú lápá aṣọ! Puran o! Obìnrin tí ẹ ò mọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ fi orí Khodadad búra fún un, ẹ fẹ́ yá a láṣọ, ẹ fẹ́ di ọkọ ẹ̀ mọ́ àpótí. Ta lẹ fi orí ẹ̀ búra fún èmi? Èmi, ẹ ní yàrá wà bó bá wù mí. Bó bá wù mí! Ṣé ẹ ń ta yàrá ni?"

"Taarofu ni ti Puran! Òun náà mọ̀ pé taarofu ni!"

"Tèmi ńkọ́?"

"Tìẹ lòótọ́! Torí pé òótọ́ ni ni mi ò ṣe pariwo!" Golandam kò tètè mọ̀ pé gbogbo pápákọ̀ ti ń gbọ́ òun. "O sì kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta!"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ń pe èèyàn sí tíì! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ń pe èèyàn sí àkàrà òyìnbó! Ṣé iye kan náà ni wọ́n fi ń pe èèyàn wá gbélé? Ká ní mo gbà lẹ́ẹ̀kẹta, kí làwọn èèyàn á wí? Pé ebi ń pa opó Tehran? Mò ń retí ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ojoojúmọ́ ni mò ń fọ abọ́, tí mò ń retí ẹ̀. Ẹ ò sọ nǹkan kan."

Obìnrin kan tó sanra, tó gbé páálí ńlá sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù lẹ́yìn wọn, kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ìyá, ẹ fà á lápá aṣọ náà jàre! Ìlà ò lọ síwájú."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Golandam na ọwọ́ sí apá aṣọ àbúrò rẹ̀, ó sì dá ọwọ́ náà dúró lágbedeméjì. Bó bá fà á, ohun tó ṣe fún Puran náà ló tún ń ṣe yẹn. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ohùn tí àwọn atukọ̀ mọ̀ yẹn rẹlẹ̀ débi pé Nosrat ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́.

"N ò ní fà ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí mo bá tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, tó o bá tún kọ̀, n ò ní lè padà sínú ilé yẹn. Orí ìdúró ni mo ti ń jẹun, Nosrat, láti ìgbà tí Khodadad ti kó lọ. Mo ṣì ń se ìkòkò èèyàn mẹ́fà. Mò ń gbé oúnjẹ kiri àdúgbò, wọ́n rò pé ọ̀làwọ́ ni mí. Ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀ ni mò ń wá. Mo ti kun yàrá náà. Kì í ṣe pé mò ń ṣàánú rẹ o. Èmi ni mo nílò rẹ. Jọ̀ọ́, máa bọ̀ wálé."

Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ "jọ̀ọ́" lẹ́nu Golandam rí nínú ìdílé wọn. Nosrat dúró, ó ń wò ó. Ó nu imú.

"Àwọ̀ wo lẹ kùn ún?"

"Àwọ̀ ewé."

"Ewé wo?"

"Ewé míńtì."

"Míńtì!" Nosrat káwọ́ lérí. "Ṣé yàrá ni àbí ilé ìwòsàn?"

"A ó tún un kùn."

"Èmi ni màá mú ọ̀dà o."

"Ìwọ lo máa mú un."

"Àti pé bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí nìkan ni mo mú kúrò nílé."

Obìnrin onípáálí náà ju ahọ́n lẹ́nu, ó sì ké igbe ayọ̀ tí àwọn ará gúúsù máa ń ké níbi ìgbéyàwó. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Golandam ti fa àbúrò rẹ̀ dé ojú fèrèsé níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ọkọ̀ náà, lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ní ó máa ń rùn díẹ̀ níbẹ̀. Nosrat ní òun gbà á, kíá, láìkọ̀ rárá.

Kí wọ́n tó wọlé, ó pe Ìyáàfin Puran lórí fóònù. "Ẹ bá mi pa iná abẹ́ tíì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ máa bomi rin òdòdó."

Golandam gbọ́ igbe tó jáde látinú fóònù náà. "Ìwọ náà ti lọ? Omi ẹnì kan ṣoṣo ni mo dà!"

"Ẹ tún da omíràn," ni Nosrat wí.

Nínú bàálù, Golandam wà níwájú, Nosrat wà lẹ́yìn, ìyẹn ò sì ṣeé fara mọ́. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Golandam dìde, ó ní kí Nosrat wá jókòó sáyè òun. Nosrat ní láéláé, kò ní ṣẹlẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan dìde láti fún ọkùnrin náà láyè tirẹ̀, kó má bàa jìyà nítorí oore. Ìyàwó bàbá náà dìde láti fún bàbá láyè, nítorí orúnkún ẹ̀. Obìnrin onípáálí dìde nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n rò pé òun nìkan ni òǹrorò. Láìpẹ́, èèyàn mẹ́wàá ló wà lórí ìdúró, tí wọ́n ń gbé ọwọ́ sáyà, tí wọ́n ń fi àyè lọ ara wọn. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn èrò bẹ̀ wọ́n, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Awakọ̀ bàálù fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀rọ sọ ọ́ nígbẹ̀yìn pé òun ò lè gbéra lórí taarofu, kí olúkúlùkù jókòó síbi tó bá wà. Ibi tí Nosrat wà nígbà náà ni ojú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà ló bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Inú àwọn méjèèjì dùn bí ọmọdé. Wọ́n tú pisitáṣíò tó yẹ kó jẹ́ ti aládùúgbò kan, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ èso gbígbẹ ti aládùúgbò kejì. Nosrat sọ̀rọ̀ láti Tehran títí dé òkè Zagros láìmí. Ó sọ gbogbo ohun tó ti kó pamọ́ láti ọjọ́ tí abọ́ ti ń sọ̀rọ̀. Golandam, tí kì í jẹ́ kẹ́nì kan sọ̀rọ̀ tán, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn òkè tán, tí igi dàbínù bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, tí òkun wá yọ lójijì, Nosrat dákẹ́. Ó fi iwájú orí kan gíláàsì. Golandam mọ̀ pé dídákẹ́ yìí kì í ṣe ti ìbínú, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ooru Bushehr dè wọ́n lẹ́nu ilẹ̀kùn bàálù. Khodadad wà lẹ́yìn irin níta, ó ga, ó ń làágùn, ó ń ju ọwọ́. Bó ṣe rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó sáré wá, ó fẹnu ko Nosrat lọ́wọ́, lẹ́jìká, níwájú orí.

"Màmá Nosrat! Ẹ kú àbọ̀ o! Orí ojú wa ni kẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ lé wọlé! Ilé wa nilé yín, ẹ̀mí wa lẹ̀mí yín! Ẹ má lọ kíákíá o. Ó kéré tán, ẹ lo ọdún kan lọ́dọ̀ wa!"

Golandam yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ó mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Nosrat yóò fi ọwọ́ lé àyà. Yóò ní rárá o, ọmọ mi, kí òjìji rẹ má kúrò lórí wa, ọjọ́ méjì péré ni, n ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n tọ́ dáadáa, ohun tí yóò sọ nìyẹn, bó bá tiẹ̀ ti pinnu láti kú síbẹ̀.

Nosrat wo Khodadad. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tú ìbòrí tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó mí afẹ́fẹ́ iyọ̀ sínú.

"Ó ṣeun, ọmọ mi," ló wí. "Ọdún kan ò tó mi."

Khodadad wá èsì tó bá a mu, kò rí. Wọn ò kọ́ ọ ní ọ̀kan rí. Golandam bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì le débi pé àwọn agbẹ́rù yíjú padà láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ó sì ń rín in lọ títí wọ́n fi dé ibi tí ọkọ̀ Khodadad wà.